Ìwọ̀n

Kílò méjìlélọ́gọ́ta.
Bẹ́ẹ̀ ni òṣùwọ̀n wí nígbà ọyẹ́,
bẹ́ẹ̀ náà ló wí nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé,
a sì ń dúpẹ́, èmi àti Bàbá,
nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa bọ̀ láti Ìkòròdú,
níbi ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀,
lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, bá a bá rówó rẹ̀.
Mo ní, "Bàbá, ẹ ò rù."
Ó ní, "Ta ló ní mo rù?"
Ní Ìtòíkín, ó sùn lé mi léjìká,
egungun àgbọ̀n rẹ̀ gún mi bí ìwọ̀.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń wọn ẹja l'Ẹ́pẹ́.
Mo mọ ọ̀bọ̀kún tó sanra,
mo mọ èyí tí wọ́n rẹ sómi mọ́jú
kó lè tẹ̀wọ̀n lójú oníbàárà Èkó.
Àtàǹpàkò ni mo fi ń tẹ ìhà rẹ̀:
ibi tó bá wọlé tí kò padà, irọ́ ni.
N kò rántí tẹ bàbá mi.

Ìyáàfin Ọdúnúga, onímọ̀ oúnjẹ, ló wá tẹ̀ ẹ́,
níbi ẹ̀bátí, lẹ́yìn èjìká,
níbi ẹran kékeré tó wà láàrin àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá.
Ó tẹ ọrùn ẹsẹ̀, ihò dúró síbẹ̀.
"Omi lẹ ń wọ̀n," ló wí.
"Ẹran ara ti lọ tipẹ́. Omi ló jókòó sáyè rẹ̀."
Ojú tì mí bí ẹni tí wọ́n ká òṣùwọ̀n èké mọ́ lọ́wọ́.

Ó bi mí pé kí ni Bàbá ń jẹ.
Mo ka ìwé tá a lẹ̀ mọ́ ògiri fún un lórí:
ẹja bí ìka kan, ẹyin rárá, ẹran, ká má dárúkọ ẹ̀.
Ó dákẹ́. "Ìwé ọjọ́ wo nìyẹn?"
Ìwé ìgbà tí kíndìnrín rẹ̀ ṣì ń mí díẹ̀díẹ̀ ni,
ṣáájú ẹ̀rọ. Kò sẹ́ni tó ní ká ya á.
Ó ní ẹ̀rọ yìí, àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ ni,
bó ṣe ń kó ìdọ̀tí ló ń kó ọmọ ẹja.
Ẹni tó ń lọ síbẹ̀, kó jẹ ẹja, kó jẹ ẹyin,
ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Oṣù mẹ́jọ.
Ọkùnrin tó fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kan tọ́ ọmọ méje,
oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń fún un ní ògì lásán
nínú ilé tó ń rùn fún ẹja láàárọ̀, lálẹ́.

Ẹ má rò pé bí mo ti ya ìwé náà ni ebi dé.
Ó ní ẹnu òun ń korò bí idẹ, bí kọ́bọ̀ àtijọ́.
Mo po funfun ẹyin mọ́ ògì, ó tu ú.
Mo se àrọ̀ tútù láìsí magí; ó wo ọbẹ̀, ó wò mí.
Ìkọ́kọrẹ́ ló ń fẹ́.
Mo gé ewùrà wẹ́wẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi,
mo rẹ ẹ́ mọ́jú, mo da omi nù,
mo lọ̀ ọ́, mo sè é. Kò dì, kò fà.
Ó tọ́ ọ wò. "Shùkúrá, ta ló kú?"
A rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Ọmọbìnrin tó wà lórí àga kejì
kò lẹ́ni tó ń gbé abọ́ tẹ̀ lé e.
Ẹyin mẹ́fà ni mo wá ń sè báyìí.

Lánàá, ó bínú sí mi nítorí èpìyà.
Ó ní mo sè é jù, ìyá mi kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀,
ó ń wí, ó ń yọ egungun, ó ń wí,
ó fa ojú ẹja mu,
ó na abọ́ sí mi.
N kò fọhùn, kó má baà rántí
pé òun ò lè jẹun.

Òwú tí mo wé mọ́ òrùka rẹ̀
kó má baà bọ́ sínú ọ̀sà,
mi ò tí ì tú u.
Lọ́jọ́ Ajé yóò tún gun òṣùwọ̀n.
Mi ò ní wo nọ́ńbà. Ọwọ́ ni mo máa fi tẹ̀ ẹ́.